Ẹ Bi Wá Nípa Máṣíìnì: Ta Ló Ṣe Páàtì Tí Ẹ Fẹ́ Rà?

Ilé-Ifẹ̀ àti agbègbè rẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa lóṣù yìí ti wá, ohùn kan náà sì ni gbogbo wọn ń sọ: páàtì máṣíìnì ti wọ́n kọjá sísọ. A mú díẹ̀ nínú wọn, a sì dáhùn wọn bí ààyè ṣe gbà wá.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Máṣíìnì Boxer, èyí tí ilé-iṣẹ́ Bajaj ṣe, ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Ṣéènì àti sípírókẹ́ẹ̀tì rẹ̀ (irin eléyín tí ṣéènì ń yí lé lórí) ti jẹ. Ní ṣọ́ọ̀bù kan, wọ́n ní èyí tó wà nínú páálí Bajaj fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta iye tí wọ́n ń ta èkejì. Mẹkáníìkì mi ní ọ̀kan náà ni wọ́n, pé orúkọ lásán la ń rà. Ṣé òótọ́ ni? (Ọlọ́kadà, Làgéré, Ilé-Ifẹ̀)

Ìdáhùn: Ìlàjì òótọ́ ni mẹkáníìkì yín sọ. Oríṣi mẹ́ta ni páàtì tó wà lórí igbá, bí a bá sì ń pè wọ́n ní méjì ni ọ̀rọ̀ ń dojú rú. Èkíní ni èyí tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe máṣíìnì fi orúkọ ara rẹ̀ tà. Èkejì ni èyí tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe, tó sì kọ orúkọ tirẹ̀ gan-an sí i lára. Ó lè dára, ó lè máà dára, ṣùgbọ́n kò purọ́ fún yín. Ẹ̀kẹta ni ayédèrú. Ẹni tó ṣe é kò fẹ́ kí ẹ mọ òun, ló bá fi orúkọ Bajaj, Honda tàbí NGK tó ń ṣe púlọ́ọ̀gì bo ara. Bí ọlọ́jà bá ní "èyí kì í ṣe ọ̀ríjínà", ẹ bi í pé èwo ni nínú méjì tó kù.

Ilé-iṣẹ́ máṣíìnì kì í fúnra rẹ̀ ṣe gbogbo ohun tó wà lára máṣíìnì. Ṣéènì, bẹ́rìnì, púlọ́ọ̀gì, bátìrì àti táyà, ọwọ́ àwọn tí kò níṣẹ́ méjì ju ìyẹn lọ ni wọ́n ti ń rà wọ́n. Torí náà, owó àyẹ̀wò àti owó orúkọ wà nínú owó páálí yẹn lóòótọ́. Owó dọ́là náà wà níbẹ̀. Láti oṣù Okúdù 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀, gbogbo ohun tó ń ti Íńdíà, Ṣáínà tàbí Jàpáànù wọlé ló fò sókè, ọ̀ríjínà àti èyí tí kì í ṣe ọ̀ríjínà.

Ní ti ṣéènì, nọ́ńbà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó wo páálí. Ṣéènì 428 ni èyí tó pọ̀ jù nínú máṣíìnì 100cc sí 150cc ń lò, wọ́n sì máa ń tẹ nọ́ńbà náà sí irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. 420 náà wà lọ́jà. Láti pín kan sí èkejì, 12.7mm ni àwọn méjèèjì, ìdí nìyẹn tí ojú lásán fi lè gbé ọ̀kan fún èkejì. Ṣùgbọ́n inú 428 fẹ̀ tó 7.9mm, ti 420 kò ju 6.35mm lọ, kò sì ní jókòó lórí eyín sípírókẹ́ẹ̀tì 428. Bí lẹ́tà H bá tẹ̀lé nọ́ńbà náà, tó di 428H, irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nípọn ju ti 428 lásán lọ. Ẹni tó ń fi máṣíìnì ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, H ni kó wá. 428H tó ní orúkọ ẹni tó ṣe é lára, tó sì jẹ́ orúkọ tí ọjà mọ̀, ẹ rà á. Kò dìgbà tó bá wà nínú páálí Bajaj.

Sípírókẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ là lójú sí. Èyí tí wọ́n ṣe ní ìṣekúṣe, wọn kò fi iná mú irin rẹ̀ le, eyín rẹ̀ á sì ti mú ṣóńṣó láàárín oṣù díẹ̀. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọlọ́jà, kí ẹ fi fáìlì kékeré ra ẹ̀gbẹ́ eyín kan lára ti iwájú, ìyẹn èyí tó kéré. Bí fáìlì bá ń yọ̀ lórí rẹ̀ tí kò rí nǹkan gé, irin náà le. Bó bá ń gé e, tí ẹ̀rúnrún irin ń jábọ́, ẹ dá a padà sórí káńtà. Ẹ ka eyín rẹ̀ pẹ̀lú, kó bá ti àtijọ́ mu. Bí wọ́n bá fi eyín 15 rọ́pò 14 níwájú, máṣíìnì á sáré díẹ̀ sí i lójú títì, ṣùgbọ́n á máa rọ̀ tí ẹ bá gbé ẹrù gun òkè lọ sí Iléṣà.

Ká tó mọ̀ pé ṣéènì ti parí, ẹ fà á le, kí ẹ ka ojú 20, kí ẹ fi tépù wọ̀n ọ́n láti àárín pín kìíní dé àárín pín kọkànlélógún. Tuntun jẹ́ 254mm. Bó bá ti di 259mm, ó ti nà tán, ẹ pààrọ̀ òun àti sípírókẹ́ẹ̀tì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣéènì tuntun lórí eyín tó ti jẹ kò ní pẹ́ dà bí eléyìí. Bí ẹ bá ti so ó tán, ó yẹ kó máa lọ sókè sódò ní 20mm sí 30mm láàárín. Ẹ yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kí ẹ wò ó níbi mẹ́rin, torí ibi kan máa ń le ju ibòmíì lọ. Ọ́ìlì dúdú tí wọ́n tú kúrò nínú ẹ́ńjìnnì, tí ọ̀pọ̀ ń dà sórí ṣéènì, lẹ́búlẹ́bú irin àti èérí ló kún inú rẹ̀. Gíà ọ́ìlì SAE 90 ni kí ẹ máa kán sí i, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn ẹrẹ̀ kúrò.

Bí ọ̀kan bá jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta owó èkejì, ó gbọ́dọ̀ lò tó ìlọ́po mẹ́ta oṣù kó tó pa owó náà padà. Lójú tiwa, ṣéènì kọ́ ni ibi tó yẹ kí owó páálí lọ. Ẹ tọ́jú rẹ̀ de bíréèkì.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ọmọ mi, oko kòkó ni mo ń gbé máṣíìnì mi lọ. Bẹ́rìnì ẹsẹ̀ iwájú kì í rí òjò ọdún kan já. Ọmọ tó ń bá mi tún un ṣe ní àfi kí n ra ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe máṣíìnì. (Àgbẹ̀, Ifẹ̀tẹ̀dó)

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ oko, bàbá. Ní ti bẹ́rìnì, ẹ má wulẹ̀ san owó orúkọ máṣíìnì. Gbogbo ayé ló fẹnu kò lórí nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀. 6301 níbikíbi tí wọ́n bá ti ṣe é, ihò inú rẹ̀ jẹ́ 12mm, ìbú rẹ̀ látòkèdélẹ̀ 37mm, ó sì nípọn tó 12mm. 6202 jẹ́ 15mm, 35mm àti 11mm. Ẹ ní kí ọmọ yẹn nu ti àtijọ́, kó ka nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ ra nọ́ńbà náà gan-an lábẹ́ orúkọ NSK, NTN, Koyo, SKF tàbí FAG. Bẹ́rìnì nìkan niṣẹ́ tí ayé fi mọ irú wọn, ọ̀dọ̀ wọn sì ni àwọn tó ń ṣe máṣíìnì ń lọ.

Lẹ́tà tó tẹ̀lé nọ́ńbà náà ni àṣírí ọ̀rọ̀ yín. ZZ túmọ̀ sí pé ìdérí irin ló wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó ń dá eruku dúró, àmọ́ omi ń wọ ibẹ̀. Ẹni tó ń la ẹrẹ̀ àti odò kéékèèké kọjá, ìdérí rọ́bà ló nílò: 2RS ni ọ̀pọ̀ ń kọ, NSK ń kọ DDU, NTN ń kọ LLU. Nígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ rẹ̀, ẹ pààrọ̀ síìlì rọ́bà tó wà lẹ́nu họ́ọ̀bù pẹ̀lú. Owó pọ́ọ́kú ni, òun sì ni ilẹ̀kùn tí omi ń gbà wọlé.

Ọwọ́ ẹni tó ń kì í bọ inú họ́ọ̀bù náà ń pa bẹ́rìnì. Bó bá fi òòlù lu irin inú, àwọn bọ́ọ̀lù á tẹ ojú irin náà mọ́lẹ̀, a kò ní rí i lójú, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí yóò fi máa kùn. Irin òde nìkan ni kó lù, kó fi sọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí páìpù tí ẹnu rẹ̀ ṣe rẹ́gí pẹ̀lú rẹ̀ tì í. Ẹ bi í pẹ̀lú pé ṣé ó dá páìpù kékeré tó ń wà láàárín bẹ́rìnì méjèèjì padà. Bí kò bá sí níbẹ̀, tàbí tó ti kúrú, bí wọ́n bá ṣe ń de nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fún bẹ́rìnì pa.

Bó bá sì jẹ́ pé ọwọ́ lásán ló fi ń ti bẹ́rìnì wọ họ́ọ̀bù, ihò ti fẹ̀ nìyẹn. Àwọn kan a máa gé agolo mílíìkì wé e, àwọn mìíràn a máa fi ṣísù sá inú ihò náà kó lè gbá a mú. Kò sí bẹ́rìnì tó ń pẹ́ níbẹ̀, ìbáà jẹ́ ti Jàpáànù. Họ́ọ̀bù ni kí ẹ pààrọ̀.

Ayédèrú bẹ́rìnì pọ̀. Ẹ fi àkísà tí ẹ ti bọ pẹtiróòlù nu orúkọ àti nọ́ńbà ara rẹ̀. Bó bá ń parẹ́, ẹ má san owó.

Ìbéèrè: Ọkọ mi ń fi máṣíìnì gbé wa lọ síbi iṣẹ́. Láti ìgbà tó ti ra bíréèkì ṣúù tí kò wọ́n, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń ké, nígbà òjò kì í mú. Ó ní yóò mọ́ra tó bá yá. (Olùkọ́, Ìpetumodù)

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un pé kó má dúró dìgbà tó bá yá. Gbogbo páàtì tí a ti dárúkọ, ẹ lè fi owó ṣọ́wó níbẹ̀. Níbi ti bíréèkì, à ń bẹ̀ yín, ẹ ra èyí tó wà nínú páálí ilé-iṣẹ́ máṣíìnì, tàbí ti ilé-iṣẹ́ tí a mọ̀ mọ bíréèkì, lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ojú kò lè mọ ohun tí wọ́n pò pọ̀ ṣe awọ ara ṣúù. Èyí tí kò dára a máa dán bíi dígí lẹ́yìn tó bá ti gbóná, a sì máa yọ̀. Ohun tó burú jùyẹn lọ ni gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ awọ náà mọ́ irin. Ooru lè tú u, kí awọ náà ṣí, kó há sáàárín ṣúù àti họ́ọ̀bù, kí ẹsẹ̀ máṣíìnì dúró gbagidi lórí eré.

Kó tú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn náà lónìí. Kó kọ́kọ́ fi àkísà tútù nu eruku inú rẹ̀. Kò gbọdọ̀ fi ẹnu fẹ́ ẹ, torí àwọn ṣúù kan ní asbẹ́stọ́ọ̀sì nínú, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Kó wo ẹ̀gbẹ́ awọ náà yíká. Bí etí bíléèdì bá wọ àárín awọ àti irin níbikíbi, kó sọ ọ́ nù. Bí awọ bá ti kù 2mm, ó ti parí. Kó wo inú họ́ọ̀bù náà pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n kọ MAX DIA sí nínú: họ́ọ̀bù 110mm kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju 111mm lọ, 130mm kò gbọdọ̀ ju 131mm. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ṣúù tuntun kò ní fara kàn án dáadáa, ẹ ó sì máa bú ṣúù láìṣẹ̀.

Nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń ṣe tí a kò fẹ́ kí ọkọ yín gbà. Ọfà kékeré kan wà níbi apá irin tí bíréèkì fi ń ṣí. Tí ẹ bá tẹ bíréèkì dé òpin tí ọfà náà sì bá àmì tó wà lára ìdérí họ́ọ̀bù, ṣúù ti tán. Dípò kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, wọn a yọ apá irin náà, wọn a yí i ní eyín kan tàbí méjì, wọn a dá a padà, bíréèkì a sì dà bíi tuntun. Irin tó ń ṣí ṣúù lè yí kọjá ààyè rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún, kí bíréèkì há, kó má tú mọ́.

Tó bá ti so tuntun, kí ẹsẹ̀ bíréèkì ẹ̀yìn máa ní àyè 20mm sí 30mm kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú, kó sì máa rọra lò ó fún ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́. Máṣíìnì Honda CG125 oníbàárà kan ń yọ èéfín búlúù. Mo pààrọ̀ ríìngì, kò pé oṣù méjì, èéfín tún dé. Ṣé torí pé ríìngì náà kì í ṣe ti Honda ni? (Ọmọ iṣẹ́, Sábó, Ilé-Ifẹ̀)

Ìdáhùn: Àbúrò, ó ṣeé ṣe kí ríìngì náà máà dára, ṣùgbọ́n bí búlọ́ọ̀kù bá ti fẹ̀, ti Honda náà kò ní ṣe é. Ṣé o wọ̀n ọ́n? Ihò búlọ́ọ̀kù CG125 jẹ́ 56.5mm ní tuntun. Fi ríìngì nìkan sínú rẹ̀, fi orí písítìn tì í wọlé díẹ̀ kó lè jókòó gbọọrọ, kí o fi fílà gééjì (irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo) wọn ẹnu rẹ̀ níbi tó ti là. Ó yẹ kó wà láàárín bíi 0.15mm sí 0.35mm. Bí ríìngì tuntun bá ṣí ju 0.5mm lọ, búlọ́ọ̀kù ló ń bá ọ jà.

Ìgbà náà ni wíwa búlọ́ọ̀kù kàn, ìyẹn kí wọ́n gé inú rẹ̀ fẹ̀ fún písítìn tó tóbi sí i. Ra písítìn kí o tó gbé búlọ́ọ̀kù lọ bá tọ́nà, kó lè fi ìwọ̀n písítìn náà gan-an wa á. Nọ́ńbà 25, 50, 75 tàbí 100 tó wà lórí písítìn ni iye tó fi tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ: 0.25mm, 0.50mm bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Tí o bá ń tò ó, ojú ríìngì tó ní lẹ́tà ni kó wà lókè, kí ẹnu wọn má ṣe ṣojú kan náà, kí àmì IN orí písítìn sì kọjú sí ọ̀nà kabúrétọ̀. Fún písítìn àti ríìngì, ọ̀ríjínà tàbí orúkọ tó dájú la fọwọ́ sí. Èyí tí kò dára a máa wú jù tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, a sì há mọ́ búlọ́ọ̀kù lójú ọ̀nà jíjìn.

Béèrè lọ́wọ́ oníbàárà náà ìgbà tí èéfín ń jáde. Bó bá jẹ́ pé nígbà tó bá fún un níná ni, ríìngì ni. Bó bá jẹ́ pé ní òwúrọ̀ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tá a, tàbí tó bá dẹwọ́ níná lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wo síìlì fáàfù. Kí o sì ṣí ilé fílítà wò. Ọ̀pọ̀ ń yọ fílítà jù nù kí ẹ́ńjìnnì lè "mí", eruku pupa á sì máa wọlé lọ lọ ríìngì tuntun bí wọ́n ṣe ń lọ ata.

Ìbéèrè: Rìwáyà ní CDI mi ti jó. Ọjà ní mẹ́ta tí ojú ìho wọn jọra, iye wọn kò jọra. (Mọ̀ọ́rè, Ilé-Ifẹ̀)

Ìdáhùn: CDI ni àpótí kékeré tó ń darí iná tó ń lọ sí púlọ́ọ̀gì. Kí ìho bára mu kò ní kí inú bára mu. Èyí tí ń jẹ́ AC ń gba iná láti ara kọ́ìlì abẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì, èyí tí ń jẹ́ DC ń gbà á láti ara bátìrì. Ẹ fi ọ̀kan sípò èkejì, kò ní ṣiṣẹ́, ó sì lè jó. Nọ́ńbà ara ti àtijọ́ ni kí ẹ mú lọ sọ́jà. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, kí rìwáyà tú wáyà súìsì tó ń pa máṣíìnì, kó nu ojú ilẹ̀ wáyà tó kan fírémù, kó sì fi púlọ́ọ̀gì mìíràn dán an wò, torí ọ̀pọ̀ CDI tí wọ́n ń sọ nù kò ní àìsàn kankan. Tòkunbọ̀ ọ̀ríjínà tí wọ́n dán wò lójú yín sàn ju tuntun tí kò lórúkọ.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè da ọ́ìlì mọ́tò sínú máṣíìnì? Ó dínwó. (Ọ̀nà Ondó, Ilé-Ifẹ̀)

Ìdáhùn: Ẹ wo ẹ̀yìn gálọ́ọ̀nù. Inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kan náà ni kílọ́ọ̀ṣì máṣíìnì ń gbé, tí ọ́ìlì bá ti yọ̀ jù, kílọ́ọ̀ṣì á máa yọ̀. JASO MA tàbí MA2, àmì ọ́ìlì tí kì í jẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì yọ̀, ni kí ẹ rí lára rẹ̀, 20W-50 sì dára fún ooru tiwa. JASO MB yọ̀ jù fún un, kì í ṣe tiyín. Orúkọ ilé-iṣẹ́ máṣíìnì lára gálọ́ọ̀nù kò pọn dandan.

Ìbéèrè: Máṣíìnì méjì ni mo gbé fún àwọn ọmọ kan tí wọ́n ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí nǹkan bá bàjẹ́, èmi ni mò ń fún wọn lówó, ọ̀ríjínà ni wọ́n máa ń sọ pé àwọn rà. Báwo ni màá ṣe mọ̀? (Ìyá oníṣòwò, Mọdákẹ́kẹ́)

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà, ìyá wa. Kò gba ariwo. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n máa gbé páàtì àtijọ́ bọ̀ wálé nínú páálí tuntun, pẹ̀lú rìsíìtì tí wọ́n kọ orúkọ àti nọ́ńbà páàtì náà sí, kì í ṣe "páàtì Boxer" lásán. Rìsíìtì yẹn ni ẹ̀rí yín bí ọjà bá ní àbùkù. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà, FCCPA 2018, fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a padà, ohun yòówù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù.

Púlọ́ọ̀gì ni wọ́n máa ń ṣe ayédèrú rẹ̀ jù, torí náà ẹ fi kọ́ ojú. Fún CG125, NGK D8EA ni. Wáṣà ara ojúlówó ń yí lọ́rùn rẹ̀ ṣùgbọ́n kì í bọ́ wẹ́rẹ́. Ti ayédèrú, ẹ ó kàn yí i jáde ni. Irin tó tẹ̀ lókè gbọ́dọ̀ dojú kọ irin àárín gan-an, láìyẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́tà ara tánganran rẹ̀ máa ń mọ́ rekete. Bí àlàfo ẹnu rẹ̀ kò bá sí láàárín 0.6mm sí 0.7mm, kí mẹkáníìkì tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ kó tó dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì.